Ayò Tí Kò Wọlé

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà rànyìn lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní St. Louis ló fi fídíò àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n wo akọni ìlú àwọn. Nínú fídíò náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi igi gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri, gbogbo pápá ìṣeré gbiná, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì ń pariwo pé kí àwọn ènìyàn máa ya wèrè. Ozzie Smith ni ọkùnrin náà. Mo wò ó, inú mi dùn. Ìgbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn rẹ̀ ni mo rí i pé ohun tí mo wò yẹn kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ rárá.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí bọ́ọ̀lù má kọjá. Sáà 19 ló fi ṣe é, láti 1978 títí dé 1996, ó kọ́kọ́ ṣe é fún San Diego Padres, lẹ́yìn náà fún St. Louis Cardinals. Nínú eré 2,573 tó ṣe ní sáà líìgì, ìgbà 28 péré ló gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri. Síbẹ̀, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn béésíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó gbá kọjá ògiri lọ́dún 1985 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ohun tí ènìyàn ṣe lẹ́ẹ̀kan ni a fi ń rántí rẹ̀, tí èyí tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe á sì dà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀?

## Ibi tí shortstop ń dúró

N kò ní ka òfin béésíbọ́ọ̀lù fún yín tán. Ohun tí a nílò kò ju èyí lọ: shortstop, olùdènà tó ń ṣe iṣẹ́ tí Ozzie ń ṣe, ń dúró láàárín béèsì kejì àti ìkẹta (béèsì ni àwọn àmì tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ sáré tẹ̀ yí ká kí ayò tó wọlé). Ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbá igi, apá ibẹ̀ sì ni bọ́ọ̀lù wọn sábà máa ń forí lé. Bọ́ọ̀lù á máa sáré bọ̀ nílẹ̀, yóò máa ta, yóò máa yà. Shortstop gbọ́dọ̀ mú un, kó sì jù ú la pápá kọjá sí béèsì àkọ́kọ́, kí ẹni tó gbá a tó sáré débẹ̀. Ẹni náà kò nílò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin àti díẹ̀ lọ.

Bí shortstop bá mú un, tó jù ú, tó sì débẹ̀ lásìkò, kò sí ohun tó yí padà lójú pátákó ayò. Ẹni tó sáré á yísẹ̀ padà lọ jókòó. Bí kò bá mú un, ìgbà yẹn gan-an ni nǹkan máa ṣẹlẹ̀: ariwo á sọ, ẹnìkan á wà lórí béèsì, bóyá ayò á wọlé. Nítorí náà, bí iṣẹ́ ọkùnrin yìí bá ṣe dára tó ni ohun tí a máa rí ṣe máa kéré tó. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì, kò sì tíì yé é yà mí lẹ́nu.

## Ogúnjọ́ oṣù Kẹrin, 1978

Ní ọjọ́ yìí, Padres gba Atlanta Braves lálejò ní San Diego. Ozzie kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nínú líìgì àgbà. Ọmọ ọdún 23 ni. Lọ́dún tó ṣáájú, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Walla Walla ní ìpínlẹ̀ Washington ló ti ń ṣeré, eré 68 sì ni gbogbo ohun tó ṣe níbẹ̀ kí wọ́n tó mú un gòkè. Ẹni tó di igi mú ní iwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀: Jeff Burroughs ni, géńdé tó gbá home run, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó kọjá ògiri, 41 lọ́dún 1977.

Burroughs gbá bọ́ọ̀lù gba àárín pápá. Ó gbá a le. Bọ́ọ̀lù ń forí lé ẹ̀yìn béèsì kejì, gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ sì ti gbà pé ó ti lọ. Ozzie yà sí òsì, ó sáré, ó sì fò. Ara rẹ̀ nà gbalaja lókè ilẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ tó wọ ìbọ̀wọ́ awọ nà síwájú, síbi tó yẹ kí bọ́ọ̀lù gbà.

Bọ́ọ̀lù kò gba ibẹ̀. Ó kan ilẹ̀, ó ta, ó sì ṣẹ́rí lójijì sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dúró níbí yìí. Ẹ wo ipò tí ọmọkùnrin náà wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́, nítorí náà kò lè yí ara rẹ̀ padà. Kò lè dúró. Ìbọ̀wọ́ ti lọ síwájú, bọ́ọ̀lù ń lọ sẹ́yìn, ara sì ń bọ̀ nílẹ̀. Ohun tó ti pinnu ti di àṣìṣe láìṣẹ̀ rẹ̀, kò sì sí àyè láti ṣe ìpinnu mìíràn. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, ọwọ́ lásán tí kò wọ nǹkan kan, ó sì gbá bọ́ọ̀lù náà mú lójú òfúrufú. Ó ṣubú lulẹ̀, ó ta gìrì dìde, ó jù ú sí béèsì àkọ́kọ́. Burroughs kò tíì débẹ̀. Wọ́n ti mú un.

Mo ti wo fídíò ọjọ́ yẹn títí. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń gbà mí lọ́kàn ni ọwọ́ ọ̀tún yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́, ohun mìíràn tí kò sí nínú fídíò ló wá gbà mí lọ́kàn ju ìyẹn lọ, ìyẹn ni bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú béésíbọ́ọ̀lù, nọ́ńbà ni àwọn tó ń kọ àkọsílẹ̀ eré fi ń pe ipò kọ̀ọ̀kan. Shortstop ni 6, ẹni tó wà ní béèsì àkọ́kọ́ ni 3. Tí shortstop bá mú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ tó sì jù ú sí béèsì àkọ́kọ́, wọ́n á kọ 6-3. Ohun tí wọ́n ń kọ nìyẹn bí bọ́ọ̀lù bá rọra yí wá bá a níbi tó dúró sí, tó kàn bẹ̀rẹ̀ mú un. Ohun tí ti ọjọ́ yẹn náà sì jẹ́ lórí ìwé nìyẹn: 6-3. Ẹni tó bá ka ìwé náà lónìí kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ní ìparí sáà yẹn, àwọn oníròyìn dìbò yan ẹni tuntun tó dára jù lọ nínú National League, ọ̀kan nínú ìpín méjì tí líìgì àgbà pín sí. Ozzie ṣe ipò kejì. Bob Horner ti Atlanta ni wọ́n fún, ẹni tó wọ líìgì ní agbede-méjì sáà, tó ṣe eré 89, tó sì gbá home run 23. Mi ò ní kó má gbà á o. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Àmọ́ ẹ rí i bí ìṣirò ṣe ń lọ: 23 ṣeé kà.

## Kì í ṣe idán

Wizard ni àwọn alátìlẹ́yìn ń pè é, bí ẹni pé oṣó ni. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ orúkọ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Idán kì í béèrè ìgbà èwe ẹni. Èyí tí Ozzie ṣe béèrè rẹ̀.

Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, 1954. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Watts, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Los Angeles. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ẹrù ni bàbá rẹ̀ ń wà. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Watts ní oṣù Kẹjọ ọdún 1965, orí ilẹ̀ ni gbogbo ilé ń sùn nítorí ìbọn tó ń dún níta. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni.

Ọmọ yẹn máa ń ju bọ́ọ̀lù lu àtẹ̀gùn ilé, yóò sì mú un bó ṣe ń ta padà. Tó bá ti mọ́ ọn lára, yóò sún mọ́ àtẹ̀gùn náà sí i, kí àkókò tó ní láti fi mú un lè dín kù. Yóò tún sún mọ́ ọn. Ní ìgbà mìíràn, yóò dùbúlẹ̀, yóò fi ẹ̀yìn lélẹ̀, yóò dijú, yóò ju bọ́ọ̀lù sókè, yóò sì gbìyànjú láti mú un láìlajú.

Èmi ò mọ bí ẹlòmíràn ṣe ń ka ìtàn yìí. Lójú tèmi, ọwọ́ ọ̀tún tó na sẹ́yìn lọ́dún 1978 ti wà nínú yàrá tó dijú sí yẹn. Bí bọ́ọ̀lù ṣe máa ṣẹ́rí lọ́jọ́ kan pàtó, kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn dánra wò. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè kọ́ ọwọ́ rẹ̀ kó má máa dúró de ojú.

Kò sì sí ẹni tó sáré wá gbé e. Ara rẹ̀ kò tóbi, apá rẹ̀ kò lágbára. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Locke ló lọ, òun àti Eddie Murray ni wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, gbogbo àwọn tó ń wá ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ sì ń wo Murray, torí òun ló ń gbá igi. Yunifásítì Cal Poly ní San Luis Obispo ni Ozzie lọ, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀ ló gbé e débẹ̀, àfìgbà tí ẹsẹ̀ ẹni tó wà ní ipò shortstop kán ni ó tó ráyè. Ní 1976, Detroit Tigers fi $8,500 lọ̀ ọ́. Ó ní $10,000 ni òun ń fẹ́, wọn ò gbà, ó padà sí ilé-ìwé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Padres fún un ní $5,000. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ; ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kàn wo abẹ́rẹ́ náà, wọ́n kọjá lọ ni.

## Ọ̀rọ̀ Mobile

Ẹ jẹ́ kí n yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ Mobile kan wá. Ní 1860, ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Clotilda kó nǹkan bí 110 ẹrú wọ Mobile láti Ouidah, nígbà tí Amẹ́ríkà ti fòfin de òwò náà tipẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Olúalé Kossola, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bantè ní ilẹ̀ Benin òde òní, ẹni tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Cudjo Lewis. Nígbà tí ìdáǹdè dé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ra ilẹ̀ ní àríwá Mobile, wọ́n tẹ ìlú dó, wọ́n sì pè é ní Africatown. Ọdún 1935 ni Kossola tó kú. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Mi ò sọ pé Ozzie Smith ti inú wọn wá. Ọmọ ìlú Mobile ni, ó sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Cleon Jones dàgbà ní Africatown gan-an. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹwàá, 1969, nígbà tí New York Mets borí Baltimore Orioles láti gba ife ẹ̀yẹ World Series, ìdíje àṣekágbá béésíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tó parí eré náà fò lọ sí apá òsì pápá, Cleon Jones dúró sábẹ̀ rẹ̀, ó mú un, ó sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà sílé, ó ń tún ilé àwọn àgbàlagbà tó wà ní Africatown ṣe. Mo kàn fẹ́ kí a mọ̀ pé ìlú tí àwọn ènìyàn wa gúnlẹ̀ sí nínú ìbànújẹ́ yẹn náà ni ìlú tó bí Satchel Paige, Hank Aaron, Willie McCovey àti Ozzie Smith. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni béésíbọ́ọ̀lù, ní Cooperstown.

## Ìṣirò Whitey Herzog

Ní ọdún 1981, Ozzie kò rí igi gbá dáadáa rárá; .222 ni ìpíndọ́gba rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé nínú ìgbà 1,000 tó bá dúró pẹ̀lú igi, nǹkan bí 222 ló máa yọrí sí rere. Èyí burú. Òun àti àwọn aláṣẹ Padres sì ti ń fa ọ̀rọ̀ owó. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ohun tó ṣeé kà á ní kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ.

Whitey Herzog, akọ́nimọ̀ọ́gbá Cardinals, ń ka nǹkan mìíràn. Garry Templeton ni shortstop tirẹ̀, ọ̀dọ́ tó mọ igi gbá gan-an. Herzog fi ṣe pàṣípààrọ̀ Ozzie. Ozzie ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, Herzog fúnra rẹ̀ sì wọkọ̀ òfúrufú lọ bá a ní San Diego, ó sọ fún un pé bí ó bá wá, àwọn lè gba ife ẹ̀yẹ. Ní oṣù Kejì, 1982, wọ́n parí rẹ̀.

Pápá ìṣeré tí Cardinals ń lò nígbà yẹn fẹ̀, koríko àtọwọ́dá ló wà lórí rẹ̀, bọ́ọ̀lù ń sáré lórí rẹ̀ gidi. Ẹni tó yá nínú sáré tó sì mọ bọ́ọ̀lù mú wúlò níbẹ̀ ju alágbára lọ. Herzog kó irú àwọn bẹ́ẹ̀ jọ. Fún Ozzie, ó ṣe àdéhùn kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀: ìgbàkígbà tó bá gbá bọ́ọ̀lù sókè, kó san dọ́là kan fún òun, ìgbàkígbà tó bá gbá a nílẹ̀, òun á san dọ́là kan fún un. Ní kúkúrú, wọ́n sanwó fún un kó má gbìyànjú home run.

Ní 1982 yẹn kan náà, gbogbo ẹgbẹ́ Cardinals pa pọ̀ gbá home run 67 ní sáà kan. Milwaukee Brewers tí wọ́n bá pàdé nínú World Series gbá 216. Cardinals ló gba ife náà, ní eré keje. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: Brewers ní apá, St. Louis ní ọwọ́ tó wọ ibi tí apá kò lè wọ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti 1987, nítorí òun ló bí mi nínú jù. Lọ́dún yẹn, Ozzie gbá igi dé ìpíndọ́gba .303, ó mú ayò 75 wọlé, kò sì gbá home run kankan, òfo pátápátá. Kò sí ẹni tó ń dènà bí tirẹ̀ ní gbogbo líìgì. Cardinals gba ife National League. Nígbà tí wọ́n dìbò fún ẹni tó wúlò jù lọ, ó tún ṣe ipò kejì. Andre Dawson ti Chicago Cubs ni wọ́n fún, ẹni tó gbá home run 49. Ipò ìkẹyìn ni Cubs wà nínú ìsọ̀rí wọn. Dawson jẹ́ ọ̀gá, kò sẹ́ni tó máa bá a du ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wúlò jù lọ? Fún ẹgbẹ́ tó ṣe ìkẹyìn? Mo gbà pé àwọn tó dìbò ṣàṣìṣe, mo sì gbà pé wọ́n ṣe é nítorí pé 49 wà lójú ìwé, tí ayò tí Ozzie kò jẹ́ kó wọlé kò sí níbìkankan.

## Èjìká ọ̀tún

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sórí home run náà, torí ìtàn kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí fídíò kò sọ.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, 1985. Cardinals àti Los Angeles Dodgers ń du ife National League, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti gba eré méjì-méjì. Eré karùn-ún dé abala kẹsàn-án tó kẹ́yìn, ayò di 2-2. Ọwọ́ òsì ni Ozzie fi dúró, ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ pé láti 1978 tó ti wọ líìgì àgbà, kò tíì fi gbá home run rí. Tom Niedenfuer jù ú sí i nínú, Ozzie gbá a, bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ ìlà ọ̀tún kọjá ògiri. 3-2. Ìgbà yẹn ni Jack Buck, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ inú fídíò náà, pariwo lórí rédíò. Ozzie ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tó dára jù nínú ìdíje náà, Cardinals sì lọ sí World Series, níbi tí Kansas City Royals ti nà wọ́n ní eré keje.

Ohun tí fídíò kò sọ ni pé láti oṣù Keje ọdún náà ni èjìká ọ̀tún Ozzie ti bàjẹ́. Ó bẹ́ padà sí béèsì àkọ́kọ́ kí wọ́n má bàa mú un, ó fi èjìká gbá ilẹ̀, iṣan inú rẹ̀ sì wá ya. Èjìká ọ̀tún, èyí tó fi ń ju bọ́ọ̀lù. Shortstop tí kò bá lè jù ú, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Ó lè lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Kò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin kí ara lè le, ó yí bó ṣe ń jù ú padà, ó sì fara da ìrora náà.

Mo fẹ́ kí a ka èyí dáadáa. Gold Glove ni ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó mọ ìdènà jù lọ ní ipò kọ̀ọ̀kan. Ozzie gba 13 tẹ̀ lé ara wọn, láti 1980 dé 1992, kò sí shortstop mìíràn tó gba tó bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ àwọn tó gbà títí dé 1985 kúrò. Méje ló kù. Méje ni ó gbà pẹ̀lú èjìká tó ti ya.

Nígbà tí apá kò lágbára mọ́, ẹsẹ̀ àti ojú ló fi dí i. Ó ń tètè mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kó tó bọ̀, ó ń dúró sí ibi tí kò ní jẹ́ kó nílò láti jù ú jìnnà, bọ́ọ̀lù kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Ó ń ṣe é mọ́ tónítóní débi pé ẹni tó wà lórí ìjókòó kò lè mọ̀ pé ọkùnrin yìí ń fi ọgbọ́n bo ìrora. Tí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni ohun tó tóbi jù tí Ozzie Smith ṣe lọ́dún 1985, èmi ò ní dárúkọ home run. Ìpinnu yẹn ni màá dárúkọ.

## Bí a ṣe ń ka ohun tí kò ṣẹlẹ̀

Àwọn tó dàgbà nílẹ̀ Yorùbá kò gbàgbé wọlé-wọlé. Ó ń dé láìròtẹ́lẹ̀, ó ń ṣí ìdérí àmù, ó ń wá tanwíji nínú omi, ó ń wo ṣáláńgá àti ẹ̀yìnkùlé, ó ń bú ènìyàn. Inú àwọn ìyá wa kì í dùn sí i. Dókítà tó fún ọmọ lábẹ́rẹ́ tí ibà fi lọ, wọ́n á gbé adìẹ lọ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò rí ẹni tó gbé adìẹ lọ fún wọlé-wọlé rí, nítorí ọmọ tí ibà kò ṣe kò mọ̀ pé ibà ìbá ṣe òun.

A kò burú, bẹ́ẹ̀ ni a kò ya aláìmoore. Ojú wa ni kò rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìrísí, ó ní ariwo, ó ní ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n dènà kò ní ọjọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọyì rẹ̀ ní láti ṣiṣẹ́ kó tó rí i, kò lè jókòó kó máa retí kí ìmoore wá bá òun.

Ohun tó mú mi nífẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ṣe ìṣirò béésíbọ́ọ̀lù nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kà wọ́n sí aláròyé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n padà sínú àkọsílẹ̀ ọdún pípẹ́, wọ́n wo iye bọ́ọ̀lù tó gba agbègbè shortstop kọjá, wọ́n wo iye tí shortstop tó wà ní ìwọ̀n máa mú nínú rẹ̀, wọ́n sì fi wé iye tí ẹnìkan pàtó mú. Èyí tó bá lé, wọ́n á sọ ọ́ di ayò tí kò wọlé; ayò tí kò wọlé, wọ́n á sọ ọ́ di eré tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi borí. Nínú ìṣirò Baseball-Reference, ìdènà Ozzie Smith nìkan ju eré 44 lọ. Nínú gbogbo àwọn tó ti ṣeré béésíbọ́ọ̀lù láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá, kò sí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ lórí ìlà yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó rọrùn láti kà, ó wà: ìgbà 8,375 ni ó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti ipò shortstop tí wọ́n fi mú ẹnìkan, àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì bá. Lọ́dún 1980 nìkan, 621. Nínú 8,375 yẹn, bọ́ọ̀lù Burroughs jẹ́ ẹyọ kan.

Ìparí iṣẹ́ rẹ̀ kò dùn. Ní 1996, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, Tony La Russa, fẹ́ kí Royce Clayton tó jẹ́ ọ̀dọ́ gba ipò náà. Ozzie jẹ́ ẹni ọdún 41, ó gbá igi dé .282 lọ́dún náà, ó sì gbà pé òun ló ṣe dáadáa jù nígbà ìgbáradì. Ó kéde pé òun ń lọ. Ọ̀rọ̀ àárín òun àti La Russa bàjẹ́, ó sì pẹ́ kí ó tó padà máa bá ẹgbẹ́ náà ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Mi ò ní gbèjà ẹnikẹ́ni nínú wọn. Mo kàn mọ̀ pé ó le gan-an kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò hàn máa ṣàlàyé pé òun ṣì ń ṣe é.

Ní 2002, orúkọ rẹ̀ dé iwájú àwọn oníròyìn tó ń dìbò Hall of Fame fún ìgbà àkọ́kọ́. Nínú ìbò 472, ó gba 433. Òun nìkan ni wọ́n yàn lọ́dún yẹn. Ẹni tó gbá home run 28, tí ìpíndọ́gba igi rẹ̀ ní gbogbo ayé jẹ́ .262. Àwọn oníròyìn tó fi í sí ipò kejì lọ́dún 1978, tí wọ́n tún fi í síbẹ̀ lọ́dún 1987, ẹgbẹ́ kan náà ló ṣí ilẹ̀kùn fún un láìjẹ́ kó kànkùn lẹ́ẹ̀mejì.

Ní iwájú pápá ìṣeré Busch ní St. Louis, wọ́n fi idẹ ya àwòrán àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà, Harry Weber ló sì ṣe ti Ozzie. Bí ìlú yẹn bá fẹ́, wọ́n ìbá yàwòrán rẹ̀ bó ṣe gbé igi lọ́jọ́ tí gbogbo wọn ya wèrè. Àwọn gan-an ni wọ́n ní ọjọ́ náà, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó nà gbalaja ni wọ́n gbé síbẹ̀, tó ń fò tọ bọ́ọ̀lù lọ, tí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wà níwájú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá tún ránṣẹ́ sí mi, fọ́tò ìyẹn ni màá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ bá mi yà.